Ẹja Tó Ń Kí Ìwé-Sọ-Pé Ní Ìdájí

Ìwé-Sọ-Pé ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí i. Orúkọ náà kì í ṣe èébú lójú tirẹ̀. Ó ń jẹ́ ẹ bí ẹni ń jẹ oyè.

Iṣẹ́ mẹ́séńjà ló ṣe jẹun. Ọ́fíìsì ńlá alájà púpọ̀ kan ló ti ṣe é. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé sí, òkè pátápátá ni àwọn ọ̀gá wà. Tí ọ̀gá kan bá fẹ́ ìwé, Ìwé-Sọ-Pé ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un, òun náà ni yóò gbé e gòkè. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á. Tó bá ti kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, ìwé kíkà parí nìyẹn. Ta ló máa dúró de mẹ́séńjà kó ṣí ojú ìwé kejì?

Bó ṣe lo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run. Ó kàn jẹ́ pé ìdajì ló mọ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Ó mọ ìtàn ọba kan tó kó ogun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ ọ́n sọ gan-an. Omi á lé ròrò lójú àwọn obìnrin. Tí wọ́n bá wá bi í pé, "Ọba náà ńkọ́?" á ní, "Ó ń lọ." Títí di òní ni ọba náà ṣì ń lọ.

Ejò bu ọlọ́dẹ ọ́fíìsì wọn jẹ lẹ́sẹ̀ nígbà kan. Ìwé-Sọ-Pé ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní ìwé sọ pé kí a fi okùn di ẹsẹ̀ náà lókè ojú ibi tó bù jẹ, kí a dì í kó le. Ó dì í, ó le. Ibi tí ìwé ti ní kí a tètè tú u kò sí lórí àtẹ̀gùn. Ejò ọ̀hún kò sì ní oró kankan. Okùn ló kù díẹ̀ kó gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.

N kò sọ pé èèyàn burúkú ni. Èèyàn rere ni. Tó bá yá nǹkan lọ́wọ́ ẹni, á dá a padà. Tí ẹni kan bá ń ṣàìsàn, á kọ́kọ́ débẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bani náà nìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé iwájú. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Tí oníbàárà bá ń ṣàlàyé ẹ̀wù tó fẹ́, á gbọ́ ọ dé ìparí, á tún tún un sọ fún un, kó tó fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá gé aṣọ lórí ìdajì ọ̀rọ̀, aṣọ olówó ló bàjẹ́.

Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ó wà nílé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì, ilé rẹ̀ tóbi, yàrá ṣófo nínú rẹ̀. Nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá máa bá àwọn gbé. Aránṣọ fẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, abẹ́rẹ́ ti ń gún un lọ́wọ́. Ó fẹ́ wà nítòsí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìwé-Sọ-Pé kọ̀ jálẹ̀.

"Kí n lọ máa jẹun nílé àna mi?" ló wí. "Kí n máa wo ojú ọmọ ọlọ́mọ kí n tó mú ẹran?"

"Ta ló fẹ́ fún yín lẹ́ran?" ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. "Búrẹ́dì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà di ojoojúmọ́. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, nítorí ògiri kan náà ló là wá láàárín. Èmi bíríkìlà ni mo mọ ọ́n, n kò mọ ọ́n ga tó.

Níkẹyìn ọkùnrin náà mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ó ní òun fẹ́ sin ẹja ní ẹ̀yìnkùlé. Tí ẹja bá dàgbà, iṣẹ́ ti dọ́wọ́ òun nìyẹn, kò sí ẹni tó tún lè ní kí òun wá jókòó sílé àna bí aláìsàn. Wọ́n pè mí ṣe ẹlẹ́rìí. Adéhùn náà kò gùn. Tí ẹja bá dàgbà tó kíkó, wọn ò lọ síbì kankan mọ́, ilé wọn ni wọ́n ó kú sí. Tí ẹja ò bá dàgbà, kí wọ́n di ẹrù, kí wọ́n máa lọ bá àna.

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá Bíríkìlà," ni aránṣọ wí fún mi.

"Mo gbọ́."

"Bó bá di ọjọ́ náà, ẹ má sọ pé ẹ̀ ń sùn."

A gbẹ́ adágún. Mo fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ etí rẹ̀ kó má baà ya. Ẹja epìyà ló rà sí i, kéékèèké, wọ́n dà bí abẹ́rẹ́ nínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ló lọ gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin adìẹ lápá òkè, ó ń kó o sínú omi ní garawa ní garawa.

Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Ìwé sọ pé ewé ló ń ṣe afẹ́fẹ́ tí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ń mí," ló wí. "Oòrùn á ràn sí i lára. Á fa omi, á fa afẹ́fẹ́ tí èmi àti ìwọ ti mí síta, á fi wọ́n se oúnjẹ ara rẹ̀, á sì tú afẹ́fẹ́ rere sílẹ̀. Ẹja náà ń wá afẹ́fẹ́. Kí omi kún fún ewé, afẹ́fẹ́ dé. Ó tán."

"Ewé wo ló wà nínú omi rẹ?"

"Àwọn tó kéré débi pé ojú ò rí wọn. Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ wọn. Ìwọ ṣáà máa wò ó."

Mo ní òórùn rẹ̀ ńkọ́. Ó ní ìwé kò sọ nípa òórùn.

Omi náà di àwọ̀ ewé lóòótọ́. Kí ó tó pẹ́, ó dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn. Ẹja sì ń dàgbà. N kò lè parọ́ mọ́ ọn. Epìyà fẹ́ràn ewé omi, wọ́n ń jẹ ẹ́, ara wọn ń dán. Wọ́n tó ìka, wọ́n tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ìwé-Sọ-Pé bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sẹ́yìn rìn. Ìyàwó rẹ̀ ń rán aṣọ.

Ìgbà náà ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ó máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí etí omi. Bó bá ṣe dé ibẹ̀ báyìí, yóò bá gbogbo ẹja lójú omi. Wọ́n á gbé orí sókè, wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á pa á dé, wọ́n á tún yà á. Gbogbo wọn, ẹnu roboto roboto. Ó ní wọ́n ń kí òun ni.

"Ẹ káàárọ̀ o," òun náà á wí. "Ṣé ẹ jíire? Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, oúnjẹ ń bọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn wá wò ó. Ọlọ́dẹ ẹlẹ́sẹ̀ okùn wá. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun òpópó wá, ó dúró, ó mi orí.

"Ẹ wo ayé," ni onígbàjámọ̀ wí. "Èmi tí mo bí ọmọ tí ilé kún, kò sí ìkankan tó ń kí mi báyìí."

"Ìtọ́jú ni," ni Ìwé-Sọ-Pé wí. "Ohun tí o bá tọ́jú ló máa mọ̀ ọ́."

Èmi náà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo kí ẹja. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí onígbàjámọ̀.

Aránṣọ nìkan ni kò kí wọn. Ó dúró lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá ọmọ mi, kí ló dé tí wọn kì í kí yín lọ́sàn-án?"

"Ìgbà wo ni wọ́n ń kí àgbà, ṣé kì í ṣe àárọ̀ ni?"

"Lọ́sàn-án tí oúnjẹ wà lọ́wọ́ yín, wọn ò wo ojú yín. Ní ìdájí tí ọwọ́ yín ṣófo, wọ́n ń ya ẹnu. Èmi ò rí ẹni tó ń kí èèyàn tí ń mí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀ yẹn rí."

"Ìwọ ò fẹ́ kí ẹja dàgbà ni," ló wí. "Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ lo fẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun aránṣọ, mo rí i. Ó wọlé lọ. Èmi sì ń rò ó nínú ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò obìnrin yìí, n ó dákẹ́. Kí ẹja kú, kí a di ẹrù, kí n lọ máa gbé ọmọ ọmọ mi. Kí ló kàn mí? Mo sọ ọ́ fún un láti orí ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó wò mí. "Adéhùn ni mo bá a ṣe, Bàbá Bíríkìlà. N kò bá a pa ẹja."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja.

Ẹni tí wọ́n rán wá, ọmọbìnrin kan ni, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Ó kí wa dáadáa. Ó lọ tààrà sí etí omi, ó kúnlẹ̀, ó ti apá bọ̀ ọ́. Kí omi tó mu ún dé ọrùn ọwọ́, ìka rẹ̀ ti pòórá. Ó fa apá yọ, ó mi orí.

"Bàbá, ṣé àwọn ẹja yìí ń wá sójú omi ní ìdájí?"

Inú Ìwé-Sọ-Pé dùn. "Ta ló sọ fún ọ? Wọ́n ń kí mi ni!"

"Wọn ò kí yín, Bàbá. Èémí ló ń wọ́n wọn."

"Èémí bí i ti báwo? Omi tó kún fún ewé báyìí! Ìwé sọ pé ewé ń ṣe afẹ́fẹ́."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Lọ́sàn-án."

Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo rí i tí ojú ọ̀rẹ́ mi yí padà, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

Ọmọ náà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù mi, ó ń ṣàlàyé. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó bá ti díjú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ara gbogbo ohun alààyè, bí ilé ni, yàrá kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ojú lásán ò lè rí wọn. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ní oúnjẹ ń jó bí igi ṣe ń jó nínú àdògán, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni, kò ní ahọ́n iná, kò ní èéfín. Afẹ́fẹ́ tí a mí sínú ló ń jẹ́ kó jó. Ibẹ̀ ni agbára ti ń wá, tí èèyàn fi ń gbé apá, tí ẹja fi ń lúwẹ̀ẹ́.

"Ewé náà ń jó oúnjẹ bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Ewé?" ni Ìwé-Sọ-Pé wí. "Ewé ń mí?"

"Tọ̀sán tòru, Bàbá. Ohun tó fi jù wá lọ ni pé ó ní ilé ìdáná tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fi oòrùn se oúnjẹ. Tó bá ń se é lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ rere tó ń tú jáde pọ̀ ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń lò lọ. Ẹja á rí tiwọn mí. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú, ilé ìdáná ti tì. Oúnjẹ sísè dúró, oúnjẹ jíjẹ ò dúró. Ewé ń mí, ẹja ń mí, kò sí ẹni tó ń ṣe afẹ́fẹ́ tuntun. Bí ewé bá sì ti pọ̀ tó báyìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mí gbogbo rẹ̀ tán. Ojú omi níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fọwọ́ kàn án nìkan ló kù. Ìdí tí wọ́n fi ń ya ẹnu síbẹ̀ nìyẹn."

Èyí yé mi. Kò sí bíríkìlà tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá dáná èédú sínú yàrá, tó ti fèrèsé, tó sùn.

Ìwé-Sọ-Pé ti dìde. Ojú rẹ̀ ti le.

"Ìyẹn ni pé olè ni ewé yẹn."

"Lóru, ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n, Bàbá..."

"Olè! Nínú ọgbà mi! Èmi ni mo tún ń fún un lóúnjẹ!"

"Bàbá, ẹ jókòó, n kò tíì..."

"Ó ti tó, ọmọ mi. Ó ti yé mi. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́." Ó ti fìlà lé orí, ó ti jáde ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ọmọbìnrin náà wò wá. Aránṣọ ní, "Má dá a lóhùn, ọmọ mi. Sọ ìyókù fún mi." Ó sọ ọ́. Kí wọ́n má fi ìgbẹ́ adìẹ sí i mọ́. Kí wọ́n fa díẹ̀ nínú omi náà dànù, kí wọ́n fi omi tútù rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí wọ́n dín oúnjẹ kù. Ní ìdájí, kí wọ́n máa fi nǹkan gbá ojú omi kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

"Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dán wò, Màmá, ni kí ẹ pa ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá kú, á rà. Àwọn kòkòrò tí ń jẹ òkú ewé, àwọn náà ń mí, wọ́n sì ń mí ju ewé lọ. Lọ́sàn-án pàápàá, kò ní sí ẹni tí yóò ṣe afẹ́fẹ́. Gbogbo ẹja yẹn ló máa lọ."

Aránṣọ tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un, bí ó ṣe ń tún ìwọ̀n aṣọ sọ. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n jọ jáde, aránṣọ sìn ín dé ojú títì, ó sì gba ibẹ̀ lọ gbé ẹ̀wù fún oníbàárà. Èmi lọ síbi iṣẹ́ mi.

Ìwé-Sọ-Pé ti dé ilé ìtajà àwọn tó ń ta oògùn oko. Ó ní òun ń fẹ́ èyí tó máa pa ewé omi, tí kò ní pa ẹja. Olóògùn fún un. Ó ní kò ní pa ẹja. Kò parọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó parọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí aránṣọ dé, agolo oògùn ti ṣófo. Èmi náà ti dé láti ibi iṣẹ́, mo gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Kí lẹ dà sí i?"

"Mo ti pa olè."

"Ọmọ yẹn ní ẹ kò gbọ́dọ̀ pa á! Ó ní tó bá kú, ẹja á kú!"

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ dìde."

Ó ní, "Kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ ṣáájú?"

Mo gbọ́ tí garawa ń dún. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi kànga dà sí adágún, òun nìkan, títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bọ́ sí ọ̀hún lọ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi kànga mélòó ni yóò fọ irú adágún bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ewé tó ń kú. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Ìwé-Sọ-Pé pè mí kí n wá wò ó. Ó ní ṣé mo rí i pé ẹja kò yanu mọ́, ara ti tù wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ni ojú ọ̀run ṣú. Kò rọ̀, kò sì là. Kò sí atẹ́gùn tó tó mi ewé igi. Adágún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ìgbẹ́ adìẹ mọ́.

Ní ìdájí tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbá ògiri mi gbàgbàgbà. Mo fò dìde. Aránṣọ ló fi igi tí wọ́n fi ń lu aṣọ gbá a.

Nígbà tí n ó fi dé ọ̀hún, ó ti wà nínú omi dé ìbàdí, pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó ń fi ọpọ́n gbá ojú omi. Ó ń bù ú sókè, ó ń dà á sílẹ̀. Ẹja tó ti kú ń léfòó yí i ká, ikùn funfun sókè, bí àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀. Àwọn tó kù ń ya ẹnu láàárín wọn.

Ìwé-Sọ-Pé dúró létí omi. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ wá!"

"Ìwé sọ pé..."

"Ìwé kọ́!" ni ìyàwó rẹ̀ kígbe. "Garawa!"

Ó ju àpótí sílẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: ó wọnú omi náà pẹ̀lú ṣòkòtò àti bàtà, ó sì gbá a bí ẹni tí ẹ̀mí tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ń fi agbọ̀n gbé àwọn tó ṣì ń mí lọ sínú táńkì sìmẹ́ǹtì tí mo máa ń rẹ búlọ́ọ̀kù sí. Omi tútù ló wà níbẹ̀, omi òjò. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, àwọn tó wà nínú táńkì kò tó ohun tí èèyàn ń fi ṣe ìyangàn. Gbogbo ìyókù ti lọ.

A jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹrọ̀fọ̀ wà lórí aránṣọ títí dé irun. Ó ń sunkún, kò sì fi aṣọ nu ojú. Mo wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ.

"Ìyàwó wa," mo ní, "bó bá ti jẹ́ ti adéhùn, ìwọ lo borí."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó ń wo ẹja. "Mo mọ̀."

Ìwé-Sọ-Pé gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn tó wà nínú táńkì ńkọ́, a kò ṣáà sọ iye tó gbọ́dọ̀ dàgbà. Ó wo ojú mi, nítorí èmi ni ẹlẹ́rìí. Mo wo ilẹ̀. Òun náà wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sọ àpótí aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára ọkùnrin tó bá ń lọ fi ilé àna ṣe ilé. Ó dà bíi pé wọ́n ń mú un lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí mọ́tò gbé wọn, kò wo ẹ̀yìn.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń jìyà.

Àna rẹ̀ fún un ní yàrá iwájú. Àga tó ní ìrọ̀rí lápá méjèèjì ni wọ́n gbé sí i. Búrẹ́dì gbígbóná ni wọ́n ń gbé fún un láàárọ̀, ẹran sì wà níbẹ̀, àna náà kì í fọwọ́ kàn án kí bàbá tó mú tirẹ̀. Ó ń lọ sí ilé búrẹ́dì lójoojúmọ́, ó ń dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ń sọ fún wọn pé ìwúkàrà tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun, ohun alààyè ni, ṣúgà ló ń jẹ, èémí rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun wú. Wọ́n ń ya ẹnu. Ọmọ rẹ̀ ní ó ti sanra, ó ní ṣòkòtò rẹ̀ kò dé ìbàdí mọ́.

Aránṣọ kò pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń sùn. Tó bá fẹ́ gbálẹ̀, "Màmá, ẹ sinmi." Tó bá fẹ́ fọ abọ́, "Màmá, ẹ sinmi." Tó bá mú abẹ́rẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo rò pé wọ́n ti fẹ́ sin mí," ló wí fún mi.

Ó ní sísọ́ọ̀sì òun ni òun wá mú nílé. Ó bá ẹja nínú táńkì mi. Mo ń ju eérún búrẹ́dì sí wọn, n kò mọ ohun mìíràn tí n ó ṣe fún wọn. Ó dúró tì wọ́n pẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbé ṣọ́bìrì. Ó kó ẹrọ̀fọ̀ dúdú jáde nínú adágún, ó jẹ́ kí oòrùn pa ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó pọn omi tuntun sí i, ó kó ẹja inú táńkì padà síbẹ̀. Ọmọ oníbàtà rọ́bà ń wá bẹ̀ ẹ́ wò. Aránṣọ kì í pa ewé omi, kì í sì í jẹ́ kó pọ̀ jù. Apá rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá ti apá bọ omi dé ìgúnpá, tí kò rí ìka rẹ̀ mọ́, á fa omi díẹ̀ dànù, á fi tútù sí i. Àwọn ẹja náà bímọ, àwọn ọmọ náà bímọ.

Wọ́n ti tó kíkó báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo dúró létí ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹja ti dàgbà o."

"Mo rí i."

"Adéhùn ní tí wọ́n bá dàgbà, ilé yìí lẹ ó jọ máa gbé."

Ó wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó wo ilé, ibi tí àwọ̀n àti àpò oúnjẹ ẹja wà lórí ibùsùn ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Bíríkìlà," ló wí, "ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sùn."

Ìwé-Sọ-Pé máa ń pè mí lórí fóònù. A máa ń sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ń bèèrè ẹsẹ̀ mi, ó ń bèèrè ọlọ́dẹ, ó ń bèèrè onígbàjámọ̀, ó ń bèèrè bóyá òjò ti rọ̀. Kò bèèrè ẹja rí. Èmi náà kò sọ.